Ọ̀rá Abẹ́ Kúlà

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tiẹ̀ lọ síbi kankan ní tirẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ló jókòó sí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á. Ó ń bá ẹni tó pa á ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń bá a jẹun ọ̀sán, ó sì ń bá a tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Ẹni tó pa irọ́ náà ni obìnrin tí gbogbo àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n. Ní ọ̀sán tí à ń wí yìí ló pinnu pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde, kódà bó bá máa fa òun lẹ́nu ya.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, bí èèyàn mẹ́wàá bá ń pariwo lé e lórí, á ṣì gbé púrósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sórí àyè rẹ̀ láìtẹ ẹyọ kan nínú àwọn ẹsẹ̀ wínníwínní tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń tún rédíò ṣe, ló fún un lórúkọ náà, ó sì mọ́ ọn lára ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i lọ. Àmọ́ ayé mọ èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé ṣíbí ń dún mọ́ abọ́ nígbà tó bá ń jẹun. Nígbà tó yá, kò lè fi ẹnu sukudíráfà bá orí nọ́ọ̀tì mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àìsàn náà kò ní pa á, àmọ́ kò ní fi í sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó wá bi dókítà pé ṣé ohun tí èèyàn ti ṣe nígbà kan rí lè fa irú nǹkan báyìí. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, àìsàn ni o, ẹ̀san kọ́.” Kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gba oògùn rẹ̀, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ wọlé wá, ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà mọ́ àyà. Ọmọbìnrin náà ń kẹ́kọ̀ọ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà náà láìjẹ́ kí bàbá rẹ̀ mọ̀. Nítorí pé àwòrán ilé tó ń yà wúwo, ó ti tẹ púrósẹ́sọ̀ rẹ̀ kó máa sáré ju eré tí àwọn tó ṣe é dá fún un. Irú ọpọlọ tó bá ń sáré àsápajúdé báyìí á máa gbóná ni, bí ooru bá sì pọ̀ jù fún un, á pa ara rẹ̀ pii kó má bàa jóná. Kúlà kékeré tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ìyẹn irin tó ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ náà, kò ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi wá bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ bá mi mú kúlà tó máa tù ú lára, tí kò sì ní sọ mí di alágbe,” ó ní. “Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra olómi, èyí tí omi ń yí nínú ẹ̀. Mo ní ṣé ẹja ni mo fẹ́ sìn ni?”

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó lọ yá páálí kúlà mẹ́ta wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á lódìkejì títì, ó sì ní kí ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé wọn. Èyí àkọ́kọ́ pẹlẹbẹ bí ọmọrí ìkòkò. “Èyí dára fún ẹni tó kàn fẹ́ máa ka ìròyìn. Bí o bá gbé e lé ọpọlọ tó ń sáré, ńṣe lo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ilé tó ń jó.” Ẹ̀kẹta jẹ́ ilé gogoro méjì pẹ̀lú fáànù méjì, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. “Èyí ò burú, àmọ́ á jókòó lé mẹ́mọ́rì rẹ lórí, ìlẹ̀kùn àpótí rẹ ò sì ní lè pa dé. O máa wá san owó ńlá tán, o tún máa wá owó àpótí tuntun.” Ó wá dé orí èyí àárín, ẹnu rẹ̀ sì há. Ó jẹ́ ilé gogoro kan ṣoṣo, páìpù bàbà mẹ́rin gba inú rẹ̀ gòkè, àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò léra bí ojú ewé ìwé, fáànù ńlá kan sì wà níwájú rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ló yẹ. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wọlé. Ìran kúlà yìí kan náà ló ti wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, orúkọ rẹ̀ kò sì fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni àbúrò rẹ̀ ti wọlé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yìí ni bàbá ọmọ náà, Aláṣàyàn sì ni bàbá wọn máa ń pè é nígbà tí gbogbo wọn jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní báyìí, ilé ìkẹ́rù ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹlòmíràn ti ń yan ohun tó máa gbé fún un. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kan ló rí ọmọ rẹ̀ lójú títì tó lọ sọ fún un. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ó tẹrí ba, àmọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kan àwọn páálí náà, ó gbójú kúrò bí ẹni tó rí ajá tó ti bù ú jẹ rí.

“Dádì, ẹ má bínú,” ọmọ náà ní. “Ẹ ṣáà bá wa wò ó. Èwo lẹ rò pé ó dáa jù?”

“Má bi mí.”

“Dádì, ọ̀rọ̀ kúlà lásán ni.”

“Mo ní má bi mí. Mú èyí tó wọ́n jù níbẹ̀, màá wá owó ẹ̀.” Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a yàn án. Ojú tèmi ò mọ nǹkan yàn, ẹ̀yin náà mọ̀.” Ó di ọmọ rẹ̀ léjìká mú. “Mi ò sọ fún ẹ rí. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti ba iṣẹ́ obìnrin kan jẹ́. Ó gbà mí gbọ́, mo wá yan nǹkan pọ́ọ́kú fún un nítorí pé mo rò pé mo gbọ́n. Bàbá mi kú pẹ̀lú ìbànújẹ́ ẹ̀. Tóò, tí o bá ti fi kúlà yìí parí ẹ̀kọ́ rẹ, lọ ta kọ̀ǹpútà náà, kó o má sì fọwọ́ kan títo kọ̀ǹpútà mọ́. Iṣẹ́ yìí ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa.”

Omi ti ń yọ lójú ọmọ náà, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó kọ̀ǹpútà títò. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì fẹ́ gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí bí ogún. Ó rí i pé bí òun bá dákẹ́ lọ́sàn-án yìí, irọ́ náà máa di ti ìran mìíràn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jókòó,” ó ní.

Wọ́n jókòó, àmọ́ kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí ìjókòó Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n lọ pa ẹnu ilẹ̀kùn dé kí oníbàárà má bàa wọlé, ó sì padà wá dúró.

“Àbúrò mi, ojú rẹ mọ nǹkan yàn,” ó ní. “Kò sí ojú tó dà bíi tìrẹ nínú iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú. Má dá mi lóhùn o. Bí o bá dá mi lóhùn, ẹnu á kọ̀ fún mi, mi ò sì ní lè sọ ọ́ mọ́. Jẹ́ kí n rò ó tán, lẹ́yìn náà kó o ṣe mí bó ṣe wù ọ́.”

Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì, kí ó lè dẹ́kun gbígbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“O rántí Ayàwòrán, obìnrin tó máa ń ya fíìmù àwòrán fáwọn ọmọdé. Ó wá bá wa, ó ní kí á bá òun tẹ ọpọlọ kọ̀ǹpútà òun sáré, àmọ́ òun ò lówó púpọ̀. Mo ní kí ó ra kúlà olómi, ká rí nǹkan tó tóbi tà fún un. Ìwọ lo ní rárá. O fi rúlà wọn inú àpótí ẹ̀, o gbé ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, o fi gbogbo ọ̀sán wò ó, o sì mú kúlà onípáìpù mẹ́rin. O ní, ‘Mọ̀mí, kò yẹ kí ẹ ná ju èyí lọ. Ó tó.’ Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbá ọ lẹ́yìn, wọ́n sì sọ fún obìnrin náà lójú mi pé, ‘Ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́, ojú ọmọ yìí ni ṣọ́ọ̀bù yìí á fi máa ríran.’ Èmi àkọ́bí wọn dúró níbẹ̀, mo mú sukudíráfà dání. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi bí ẹni gbé ọṣẹ mì. Inú mi bà jẹ́, mo sì ń jowú rẹ. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò ní bù mọ́ ọn.

“O mọ òfin Bàbá. Ìwọ á yàn án, èmi á dì í, ẹni tó bá yàn án ni á kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìlẹ̀kùn àpótí, òun náà ló sì máa dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe òfin yẹn kí á má bàa máa di ẹ̀bi ru ara wa. Mo mú kúlà náà, mo fi ìpara funfun tó ń gbé ooru lọ sínú kúlà sórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mo gbé kúlà lé e, mo di nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo bí mo ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń dún létí mi. Abẹ́ kúlà tuntun máa ń ní ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi bò ó kó má bàa ha. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kí o máa yọ ọ́ kó o tó ṣe ohunkóhun, torí ooru ò lè gba ara ẹ̀ kọjá dé inú kúlà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò yọ ọ́. Mo gbàgbé ni. Títí dé ibẹ̀ yẹn, àbúrò mi, mi ò tíì ṣẹ̀ ọ́. Àṣìṣe ni. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò gbàgbé ọ̀rá rí. Ibi tí mo ti di èèyàn burúkú ṣì ń bọ̀ níwájú.”

Ọkùnrin náà ti la ẹnu, àmọ́ ó pa á dé. Ọmọ rẹ̀ ń wo àǹtí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

“A tan kọ̀ǹpútà náà, ó tàn. Ayàwòrán ń kánjú, a ò fi iṣẹ́ ńlá dán an wò. Nígbà tó dé ilé tó wá fi ṣe fíìmù ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú. Bó bá tún tàn án, á tún kú. Ó ń fi ìwé fẹ́ ẹ, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ọjọ́ tó yẹ kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọjá, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá síbí. Kò pariwo. Ó kàn ní, ‘Mo gbà yín gbọ́ ni.’ Bàbá mú un jáde kí wọ́n lè tù ú nínú, ìwọ sáré lọ wá omi tútù fún un. Ó wá ku èmi nìkan. Mo tú kúlà náà. Mo rí ọ̀rá. Ooru ti mú àárín ẹ̀ pọ́n, ó ti ká jọ. Mo dúró, mo ń wò ó. Àyè wà fún mi nígbà yẹn láti pariwo pé, ‘Bàbá, èmi ni o!’ Wọ́n á bínú, wọ́n á bú mi dé ìsàlẹ̀, ó sì tán. Mo yọ ọ̀rá náà, mo ká a, mo fi sínú àpò mi. Mo nu abẹ́ kúlà, mo fi ìpara tuntun sí i, mo dì í padà. Nígbà tí ẹ wọlé, mo ní mo ti yẹ ibi tí mo dì í sí wò, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìwọ wò mí lójú, o sì gbà mí gbọ́.”

“Mo gbà yín gbọ́,” ọkùnrin náà sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Bàbá ṣí ìlẹ̀kùn àpótí, orúkọ rẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. O dọ̀bálẹ̀, o ní, ‘Bàbá, kúlà yẹn tó. Mo fi orí mi búra pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká dán an wò lójú gbogbo wa.’ Bàbá ní ó dáa, kí á ṣe é ní ọjọ́ kejì. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mo mọ̀ pé ó máa yege. Ọ̀rá ò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá yege, Bàbá á béèrè pé kí ló wá ṣe é tẹ́lẹ̀, gbogbo ojú á sì yí sọ́dọ̀ ẹni tó dì í. Nítorí náà, mo tètè dé ṣọ́ọ̀bù ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Mo tú nọ́ọ̀tì méjì tó wà lápá kan. Mo tú wọn díẹ̀ báyìí, kí abẹ́ kúlà lè gbéra sókè lápá kan, kó má fara kan ọpọlọ náà dáadáa. Èèyàn ò lè fojú rí i. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Èṣù ò mọ sukudíráfà dì mú. Ọwọ́ yìí ni, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n. Kò sì gbọ̀n lọ́jọ́ náà.”

Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí wọ́n rí i. Ó ń gbọ̀n bí ewé.

“Bàbá jókòó sórí àpótí wọn yìí. Wọ́n ní kí o yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ àwọn kí àwọn lè máa fojú ara àwọn wo nọ́ńbà tó ń sọ bí ọpọlọ náà ṣe gbóná tó. O fi iṣẹ́ tó le sí i, nọ́ńbà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. O kúnlẹ̀ sílẹ̀, o gbé ọwọ́ síwájú fáànù, o ní, ‘Fáànù ń yí. Atẹ́gùn ń jáde. Kí ló dé?’ Òógùn bò ọ́. O wá yíjú sí mi. O ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo abẹ́ ẹ̀. Ṣé ó jókòó dáadáa?’ Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Èmi lo ké pè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó ń wò ó, mo fi ìka kan nọ́ọ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi tú. Mo dìde, mo ní, ‘Ó jókòó dáadáa. Kúlà tó o yàn yìí ni ò tó.’ Kọ̀ǹpútà náà sì kú pii. Bàbá ò pariwo. Wọ́n kàn ní, ‘Aláṣàyàn, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù dà?’ O yọ ọ́ lọ́rùn, o gbé e sórí tábìlì. O ní, ‘Mo ṣì í yàn ni, Bàbá,’ o sì jáde. Lẹ́yìn tí o jáde, mo di nọ́ọ̀tì náà padà. Mo tan kọ̀ǹpútà náà nígbà tí Bàbá ti lọ. Ó ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kò gbóná. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.”

Ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Lóde, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ó dúró díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà ti ń sunkún láìpariwo. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú àbúrò tó ti pọ̀n sẹ́yìn rí.

“Ẹ dìde,” àbúrò rẹ̀ ní.

“Mi ò dìde.”

“Ẹ dìde, mo ní! Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí, ẹ sì tún fẹ́ kí n di ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kúnlẹ̀ fún. Ẹ má tún sọ mí di ẹni burúkú lẹ́ẹ̀kejì.”

Ó dìde. Àbúrò rẹ̀ lọ sídìí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi ló ń yan bàtà fún mi? Bí wọ́n bá gbé méjì síwájú mi, òógùn á máa bò mí. Àwọn èèyàn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá kú, tí a lọ ra pósí, ẹ ní kí n wá wò ó. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè wọlé. Mo ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, mo tún máa ṣì í yàn fún wọn. Ẹ̀yin lẹ yan pósí bàbá mi, èmi ń wo ilẹ̀.” Ó nu ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. “Ṣé Bàbá mọ̀?”

“Wọn ò mọ̀.”

“Wọn ò mọ̀ títí wọ́n fi kú.”

“Títí wọ́n fi kú. Mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kú, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Wọ́n ní, ‘Ṣé àbúrò rẹ ń jẹun?’ Mo ní ó ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nípa rẹ nìyẹn, mi ò sì sọ ìyẹn náà fún ọ.”

Nígbà tó gbọ́ èyí, ọkùnrin náà sunkún gidi. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó lọ dì mọ́ ọn. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n dúró sí àyè ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló wo ojú rẹ̀ láti èjìká bàbá rẹ̀, ó sì bi í ní ìbéèrè tó le jù lọ lọ́sàn-án yẹn.

“Àǹtí, ọ̀rá lásán. Kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ?”

“Ọmọ mi, ẹ̀rù ló bà mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìtìjú ọjọ́ àkọ́kọ́ ló tún kún un. Bí ó ṣe ń rí nìyẹn. Wò ó, ìwọ náà máa gbàgbé ọ̀rá. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ já fáfá tó, ọjọ́ kan á jọ́kan, o máa gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ tó o bá gbàgbé ẹ̀, pariwo. Gbé e sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù rí i, kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Yẹ̀yẹ́ ọjọ́ kan kì í pa èèyàn. Èyí tí mo fi pamọ́ ló jẹ gbogbo wa.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Mo bẹ̀ ọ́, mi ò ní kí o gbàgbé. Mo kàn bẹ̀ ọ́ pé kó o dárí jì mí, nígbàkígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ayàwòrán náà, mo mọ ibi tó wà. Màá lọ sọ fún un.”

“A jọ máa lọ ni,” ọkùnrin náà ní. “Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́.”

Ó yọwọ́ lára ọmọ rẹ̀, ó sì rìn lọ sídìí tábìlì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé, ó wo àwọn kúlà náà dáadáa. Ó ti èyí tó pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé èyí tó wúwo, ó fi ìka wọn gíga rẹ̀, ó wo inú àpótí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, ó sì ti òun náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òógùn ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde lẹ́yìn àpótí náà, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé èyí àárín, onípáìpù mẹ́rin.

“Èyí,” ó ní.

Ó dojú rẹ̀ dé. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ náà ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka rẹ̀ wá etí ọ̀rá náà, kò bá a. Ó tún wá a, ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” bàbá rẹ̀ ní. “Àwọn ni wọ́n máa yọ ọ́.”

Wọ́n dúró dè é. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó fún eyín pọ̀, omijé ń ṣàn bọ́ sórí tábìlì, kò sì nù ún. Ìgbà tó yá, èékánná rẹ̀ mú etí ọ̀rá náà. Ó fà á, ó ṣí kúrò, ó sì gbé e sókè kí wọ́n rí i.

Àbúrò rẹ̀ mi orí. “Mi ò tíì lè sọ pé mo dárí jì yín,” ó ní. “Ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn mú.”

Ó dì í mú. Ọkùnrin náà fi ìpara díẹ̀ sórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó gbé kúlà lé e, ó sì mú sukudíráfà. Ó di igun kan, ó di igun tó kọjú sí i, ó dì wọ́n títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kọ orúkọ sínú ìlẹ̀kùn àpótí. Ọmọ náà béèrè pé orúkọ ta ni. Ó ní, “Tèmi. Èmi ni mo yàn án.” Lẹ́yìn náà, wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà, wọ́n fi àwòrán ilé tó wúwo jù lọ sí i, ọmọ náà sì tẹ ọpọlọ rẹ̀ dé ibi tí eré rẹ̀ lè dé.

Nọ́ńbà ooru náà gòkè. Ó gòkè díẹ̀ sí i, ó rọra, ó sì dúró. Wọ́n ń wò ó, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Fáànù náà ń dún jẹ́jẹ́.

Aláṣàyàn di ojú kọ̀ǹpútà náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ wò ó. Ó tó.”